Ọ̀wọ́n Kọ́ Ni Iyì

Àwọn àgbà ní ẹni tó mọyì wúrà là ń tà á fún. Ẹ wò ó dáadáa, òwe náà kò dárúkọ owó rárá. Kò ní ẹni tó lówó là ń ta wúrà fún. Ẹni tó mọyì ló wí. Ní tiwa, lọ́jà àti lóde àríyá, a ti wá da ọ̀rọ̀ mẹ́rin pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n: ohun tó wọ́n, ohun tó gbówó lórí, ohun tó níyì, ohun tó ní láárí. Ẹni tó bá mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bá a mu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n èrè tó ju ìyẹn lọ ni pé kò ní í máa fi owó ra ẹ̀tàn.

Ọ̀wọ́n ló máa ń tan ni jù. Bí epo bẹntiróòlù bá di ohun àwárí, ọ̀wọ́ngógó là ń pè é, kò sì sẹ́ni tí yóò tìtorí bẹ́ẹ̀ pe epo ní ohun iyebíye. Àìtó ló fà á. Ọjọ́ tí ọkọ̀ agbépo bá dé, ó parí. Ọ̀wọ́n yìí kan náà la sì fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ẹni tó sún mọ́ wa, nítorí pé irú rẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àìtó nìkan lè gbé iye nǹkan dúró, kí ó lọ wo ìtàn owó ẹyọ. Láti erékùṣù Maldives ni wọ́n ti ń kó o wá, ọkọ̀ àwọn òyìnbó ló ń gbé e dé etíkun wa, jíjìn ọ̀nà náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ṣà á nílẹ̀ lásán. Ó jọba lọ́jà débi pé ọ̀kẹ́, àpò ẹyọ kan, di òǹkà fún 20,000 títí dòní. Nígbà tó di nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ará Jámánì rí ẹyọ mìíràn, tó tóbi ju ti àtijọ́, ní agbègbè Zanzibar. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń rà á lọ́hùn-ún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sí Èkó. Ẹyọ kún ọjà, agbára rẹ̀ láti ra nǹkan sì ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn tó ti kó o pa mọ́ kò ṣe àṣìṣe kankan, ẹyọ inú ìkòkò wọn kò sì bàjẹ́. Òun nìkan kọ́ ló wà mọ́, ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Gíláàsì Ilé-Ifẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Leo Frobenius ará Jámánì dé Igbó Olókun nílùú náà ní 1910, ó bá àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ nínú níbẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi ń rò pé láti òkè òkun ni gíláàsì náà ti wá, pé yíyọ́ ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń yọ́ ọ. (Ó rọrùn fún wọn láti gbà bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n gbà pé adúláwọ̀ ló ṣe é lọ.) Abidemi Babalola, awalẹ̀pìtàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tún ilẹ̀ náà gbẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 12,000, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ohun tó wà nínú ilẹ̀ lágbègbè Ifẹ̀ ni wọ́n fi ṣe gíláàsì náà, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Irú rẹ̀ rìn títí dé Gao ní ilẹ̀ Mali. Kí ló wọ́n níbẹ̀? Iyanrìn kò wọ́n, òkúta kò wọ́n, igi ìdáná kò wọ́n. Ìmọ̀ ló ṣọ̀wọ́n: ohun tí a ó pò mọ́ ohun, bí iná yóò ti gbóná tó, ohun tí yóò sọ ọ́ di búlúù bíi ti sẹ̀gi. Ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kọjá ni ọwọ́ àwọn amọ̀ṣẹ́ sọ di ìlẹ̀kẹ̀ tí ọba ń fi sọ́rùn.

Ọlọ́jà lè dá mi lóhùn pé àlàyé pọ̀ jù, pé iye tí oníbàárà bá san ni iye ọjà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi àlàyé san owó ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n owó ń sọ iye tí a san ni, kì í sọ ohun tí a rà. Ẹ wo iyùn: iyùn gidi, inú òkun ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ẹ̀dá kéékèèké ló ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ike tí wọ́n kùn ní pupa lè jọ ọ́ lójú ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán níbi ìgbéyàwó, owó iyùn ni wọ́n sì lè gbà lé e. Ẹ mú un dání kí ẹ tó sanwó. Iyùn tutù lọ́wọ́, ó sì wúwo. Ike fúyẹ́, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi gbóná ní àtẹ́lẹwọ́. Gíláàsì náà máa ń tutù, nítorí náà ẹ má gbára lé ìtutù nìkan. Bí gbogbo hóró bá dọ́gba rẹ́gírẹ́gí, tí kò ní àlébù kankan, ẹ fura. Kí ẹni tó ń tà á kọ orúkọ ohun tó tà sínú rìsíìtì. Bí ó bá ń yẹ̀ é sílẹ̀, ó ti dá yín lóhùn.

Àtakò tó wúwo ju ìyẹn lọ ni ti ẹni tó ní òun kò lówó iyùn, ṣé kí ọmọ òun wá jáde lọ́rùn òfìfo ni? Rárá o. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ara ọmọ ni òwe yìí gbé iyì sí, kò gbé e sára ìlẹ̀kẹ̀. Ike tí ìyá rà tìfẹ́tìfẹ́ fún ọmọ rẹ̀ níyì lọ́jọ́ náà, bí kò tilẹ̀ gbówó lórí, kò sì sí ohun ìtìjú nínú kí wọ́n pè é ní ike. Ẹni tó bá fẹ́ iyùn dandan lè yá a lò lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í háyà, kí ó dá a padà ní ọjọ́ kejì. Èyí tí n kò lè gbè lẹ́yìn ni yíyá owó èlé ra ohun tí a ó lò fún wákàtí mẹ́fà, kí owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn àbúrò ìyàwó wá dúró. Ìlẹ̀kẹ̀ náà gbówó lórí lóòótọ́. Láárí rẹ̀ nínú ilé yẹn ni n kò rí.