Oúnjẹ tí Í Dà Nínú Ẹja Àrọ̀

Ẹ̀yin olùsìn ẹja ní Ìjagun, ní Eriwe àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ mọ̀ pé nínú náírà méjì tí à ń ná lórí ẹja àrọ̀, oúnjẹ nìkan a máa gbà ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣe ń fi ẹ̀wà sóyà, ẹ̀pà àti àgbàdo rọ́pò apá kan nínú ẹja gbígbẹ tí ó wọ́n. Èyí dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹja gbé mì ni ó ń dà nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá dà yóò di ìgbẹ́, yóò ba omi jẹ́, owó yín yóò sì bá omi lọ.

Ẹja àrọ̀ kì í ṣe ewúrẹ́. Ìfun rẹ̀ kúrú, ẹran àti kòkòrò ni ó sì fẹ́ràn jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkèré: nígbà tí ó wà ní ọmọ inú omi, ìfun rẹ̀ gùn, ó sì ń jẹ ohun tútù ara òkúta, bí ó bá yọ ẹsẹ̀ tán, ìfun náà a kúrú, kòkòrò ni yóò sì máa jẹ.

1. Ẹ̀wà sóyà. Nínú 100 kílò rẹ̀, nǹkan bí 36 sí 40 ni èròjà amáradàgbà. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sè é, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sè é fún 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ó bá hó, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jóná, nítorí iná àpọ̀jù a máa ba èròjà náà jẹ́.

2. Ẹ̀pà tí a ti fún òróró rẹ̀. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti bu ní oró nínú, sísè kò sì lè mú oró náà kúrò. Ẹ rì í mọ́lẹ̀.

3. Àgbàdo. Ẹ sè é bí ẹ̀kọ kí ẹ tó fi po oúnjẹ. Yóò tètè dà ju èyí tí a kò sè lọ, kò sì ní jẹ́ kí oúnjẹ tú sínú omi. Ẹ má ṣe fi èèpo ẹ̀gẹ́ tútù sí i, nítorí ó ní oró.

4. Èkùrọ́ tí a ti fún àdín rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ẹ lò, nítorí háhá rẹ̀ pọ̀.

Ẹ má ṣe yọ ẹja gbígbẹ kúrò pátápátá. Sóyà nìkan kò ní gbogbo èròjà tí ẹja àrọ̀ nílò ní ìwọ̀n tí ó tó.

Kí ẹ tó yí oúnjẹ padà, ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nínú adágún kéékèèké méjì, tí iye ẹja inú wọn dọ́gba. Ẹ wọn ẹja, ẹ wọn oúnjẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí 30 kílò oúnjẹ àtijọ́ bá fi 20 kílò kún ara ẹja, tí ó sì gba 45 kílò oúnjẹ tuntun láti ṣe bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé tuntun náà wọ́n jù, bí iye owó kílò rẹ̀ tilẹ̀ fi ìdámẹ́rin dín.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ jùmọ̀ rà á, ẹ tú àpò kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó sanwó, ẹ sì kó o sórí pákó níbi tí kò tutù. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.