Onílé tí ó fi Ẹ̀mí Rẹ̀ Wéwu fún Àlejò



Ó rọrùn láti gba àlejò nígbà tí ilé bá tòrò, tí oúnjẹ sì wà nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ikú ni ó ń lé àlejò náà bọ̀, ǹjẹ́ a óò ṣí ilẹ̀kùn fún un? Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn àwọn ará Belgium nígbà Ogun Àgbáyé Kejì dáhùn ìbéèrè yìí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1940 ni àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ilẹ̀ Belgium. Lẹ́yìn èyí, wọn a máa yin ìbọn lu ọkọ̀ òfurufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àti ti àwọn ará Amẹ́ríkà nígbà tí ó yá, títí wọn yóò fi já lulẹ̀. Àwọn tí ó bá fi páráṣúùtì balẹ̀ láàyè a bá ara wọn láàrin ọ̀tá. Wọn kò gbọ́ èdè, wọn kò sì mọ ọ̀nà.

Ọmọbìnrin kan wà ní Brussels tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Andrée de Jongh. Ní 1941, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ tí a wá mọ̀ sí Comète sílẹ̀. Wọn a fi àwọn àjèjì náà pamọ́ sínú ilé, wọn a fún wọn ní aṣọ ará ìlú àti ìwé èké, wọn a sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe la ẹnu. Bí ará Amẹ́ríkà ti ń di fọ́ọ̀kì mú pàápàá lè tú àṣírí. Wọn a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Paris, àti láti ibẹ̀ sí ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé. Níbẹ̀ ni Florentino Goikoetxea, onífàyàwọ́ ará Basque, ti ń mú wọn fi ẹsẹ̀ gun òkè Pyrenees lóru, tí wọn a sì la odò Bidasoa kọjá sí Spain. Nǹkan bí 800 ènìyàn ni ẹgbẹ́ yìí ràn lọ́wọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Bí ọwọ́ bá tẹ ọmọ ogun náà, àdéhùn Geneva ti ọdún 1929 wà fún un. Ẹlẹ́wọ̀n ogun ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà á sílé kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀; ikú tàbí àgọ́ ìyà ni tirẹ̀. Ewu onílé ju ti àlejò lọ.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1943, a mú Andrée nínú ilé oko kan ní Urrugne. Ó jẹ́wọ́ pé òun ni olórí, ṣùgbọ́n àwọn Jámánì kò gbà pé ọmọbìnrin lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rán an lọ sí àgọ́ Ravensbrück. Níbẹ̀ náà ni Frantxia Usandizaga, opó tí ó gbà á sílé ní Urrugne, kú sí ní 1945. Baba Andrée, tí í ṣe olùkọ́, ni wọ́n yìnbọn pa ní 1944.

Andrée yè. Lẹ́yìn ogun, ó wá sí Áfíríkà, ó sì tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ ní Congo, Cameroon, Ethiopia àti Senegal. Ó kú ní 2007. Ọwọ́ tí ó fa ẹni tí a ń lé wọlé ni ó tún wẹ egbò ẹni tí ayé ń sá fún.

Ẹ̀yin ará, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹlòmíràn nínú wọn kò ṣe ju pé ó yọ̀ǹda ibùsùn kan fún òru kan lọ. Síbẹ̀, bí kò bá sí òun, ọ̀nà náà ìbá já. Kì í ṣe ogun ni ó wà ní ẹnu ọ̀nà wa lónìí. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí aládùúgbò ń yẹra fún wà níbẹ̀, opó tí a lé kúrò nílé ọkọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìrànlọ́wọ́ wa kò bá ná wa ní ohunkóhun rí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bí a ti ṣe ìrànlọ́wọ́ rí.