Bí a ti í fọ Awò Òòrùn láìba Ojú rẹ̀ jẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, eruku a gba gbogbo ojú ọ̀run, ìtànṣán òòrùn a sì máa ta ni lójú. Nígbà náà ni àgbẹ̀, awakọ̀, àti àwọn tí ń fi alùpùpù gbé èrò máa ń wá awò òòrùn. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń fi ọwọ́ ara wọn ba awò náà jẹ́, nítorí pé wọn kò mọ bí a ti í fọ̀ ọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ fi etí sí ẹ̀kọ́ yìí.

OHUN TÍ Ó WÀ LÁRA AWÒ

Dígí gidi ni awò ojú àwọn baba wa. Lóde òní, ike ni èyí tí ó pọ̀ jù. Ike fúyẹ́, kì í sì í tètè fọ́, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ha lára. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe é fi ń kun ohun kan lé e lórí, ní ìpele-ìpele tí ó fẹ́lẹ́ púpọ̀. Ọ̀kan wà kí awò má baà tètè ní ìlà. Òmíràn a máa mú un dán bí jígí. Òmíràn a sì máa dín ìmọ́lẹ̀ tí ń kọ mọ̀nà lójú awò kù. Alexander Smakula, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Carl Zeiss ní Jámánì, ni ó hùmọ̀ irú èyí ìkẹyìn yìí ní ọdún 1935. Bí ohun tí a kùn yìí bá bó, kò sí bí a ti lè tún un ṣe nílé. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn mìíràn fi ń ra á, ṣe ni yóò tún ha á sí i.

ERUKU NI Ọ̀TÁ

Iyanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú eruku ọyẹ́, ó sì le ju ike lọ. Ẹni tí ó bá fi etí aṣọ nu awò ní gbígbẹ dà bí ẹni tí ó fi yanrìn fọ ìkòkò.

BÍ A TI Í FỌ̀ Ọ́

1. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín.

2. Ẹ da omi mímọ́ tí ó tutù tàbí tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí awò náà lára, kí eruku lè bá omi lọ. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn án kí eruku tó ṣàn kúrò. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ife omi kan tó.

3. Ẹ kán ẹ̀kán kan ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí orí ìka, kí ẹ sì fi rọra pa á lára níwájú àti lẹ́yìn.

4. Ẹ tún da omi sí i títí ọṣẹ yóò fi tán.

5. Ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, kí ẹ wá fi aṣọ òwú mímọ́ tí ó rọ̀, tàbí aṣọ tí ó bá awò wá, nù ún. Ẹ máa fọ aṣọ yìí déédéé.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má ṣe lo omi gbígbóná, ọtí kíkan, ògùn tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, epo bẹntiróòlù, tàbí omi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Èyí ìkẹyìn yìí lè yọ́ ike pàápàá. Omi tí a fi ń nu fèrèsé kò yẹ ẹ́. Ọṣẹ dúdú, tí a fi eérú ṣe, le jù fún un. Ẹ má ṣe fi bébà nù ún. Ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ nínú òòrùn: bí ooru bá mú ike fẹ̀ ju ohun tí a kùn sí i lára lọ, èyí yóò sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ tí ọ̀dá mú.

Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ni èyí. Bí alálùpùpù bá kọjú sí òòrùn ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú awò tí ó kún fún ìlà, ìmọ́lẹ̀ yóò fọ́n ká lójú rẹ̀, ó sì lè má rí ọmọ tí ń sọdá títì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.