Òfin Eré: Ọ̀rọ̀ àti Ìjà Lórí Ọpọ́n

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni eré ìjókòó rí. Apá méjì ni ó ní. Èkíní ni ìjà, níbi tí a ti ń wá ọ̀nà láti borí ẹnìkejì. Èkejì ni ọ̀rọ̀, níbi tí ènìyàn ti ń gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹ̀wù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwà àwọn tí ń ṣeré ni ó ń pinnu èyí tí yóò pọ̀ jù. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ fi hàn yín pé òfin eré náà ni ó lágbára jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ayò. Ní Attécoubé, létí ọ̀sà ní ìlú Abidjan, níbi tí mo ti ń kọ́ ọmọ àwọn ará Èjìgbò ní èdè Yorùbá, awalé ni wọ́n ń pè é. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Bí ọmọ ayò tí a fi parí ìrìn bá sọ ihò ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, a ó jẹ wọ́n. Ìjà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì bá ṣófo, dandan ni kí a ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ó bá ṣeé ṣe. Ìjà náà ní ààlà. Gbogbo nǹkan sì wà ní gbangba tí òǹwòran lè dá sí i. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti rí àyè: ẹni tí ó borí di ọ̀ta, a sì máa yangàn bí ọba, ẹni tí ó pàdánù di ọ̀pẹ, a sì máa wá àwáwí.

Ẹ wá wo eré òkèèrè kan. Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹnìkan a jẹ́ adájọ́ àti apìtàn. Àwọn yòókù a di jagunjagun tàbí oṣó, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n dà. Inú eré ogun ni ó ti ṣẹ̀ wá, nítorí náà òfin ìjà pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, owó wúrà tí a bá gbé bọ̀ ni ó sábà ń gbé ènìyàn ga ju ọ̀tá tí a pa lọ. Nítorí náà, ọlọ́gbọ́n a máa bẹ̀bẹ̀, a máa dọ́gbọ́n, a sì máa yẹra fún ìjà. Nínú ẹ̀dà tí ó jáde ní 2000, a kò ka owó mọ́. Bíborí ọ̀tá àti ewu ni a ń ka. Ìjà sì di ọ̀nà tí ó hàn jù láti gba èrè. Ibi tí òfin bá gbé èrè sí ni ẹsẹ̀ ń yà sí.

Kí ni èyí kàn wá? Awalé ti wà lórí fóònù báyìí. Òfin jíjẹ pé níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀ta tí ń yangàn, kò sì sí òǹwòran. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní ìlú Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yẹ ẹ̀dà ayò tí wọ́n ń pè ní awari wò, gbogbo ipò 889,063,398,406 tí ọpọ́n lè wà. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣì í ta, ọ̀mì ni, 24 sí 24. Bí ó bá jẹ́ pé jíjẹ nìkan ni ayò, ó ti parí lọ́dún náà. Ọ̀rọ̀ ni ó ṣì ń mú wa jókòó tì í. Fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń fi Faransé kàwé, ìdí ọpọ́n wà lára ibi díẹ̀ tí Yorùbá ti ń jáde lẹ́nu wọn láìsí ipá.

Mo dán ọ̀nà méjì wò ní kíláàsì. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹni tí ó jẹ ọmọ ayò jù ni ó gba ẹ̀bùn. Kíláàsì pa rọ́rọ́, àwọn méjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fi òfin mẹ́ta lélẹ̀:

1. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò jẹ́, bí ọdẹ, ìyálọ́jà tàbí ìránṣẹ́ ọba.

2. Kí ẹni tí ó bá jẹ ayò sọ gbólóhùn kan ní Yorùbá bí ẹni tí ó yàn. Bí kò bá sọ ọ́, kí ó dá ayò náà padà.

3. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú òbí tàbí ara ẹnìkejì.

Ọmọbìnrin kan tí kì í la ẹnu sọ Yorùbá di ìyálọ́jà lọ́jọ́ náà. Ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ san owó ìtàjà kí ó tó kọjá níwájú ìsọ̀ òun.

Ọpọ́n kan náà ni, àwọn ọmọ kan náà sì ni. Òfin nìkan ni mo yí padà. Kí ẹ tó fi eré kan lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí òfin rẹ̀ ń san èrè fún.