Kí Ẹ Tó Sanwó fún Lẹ́ǹsì Tó Ní Stabilization

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi kámẹ́rà jẹun, owó lẹ́ǹsì yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Láti 1995 tí Canon ti gbé 75-300mm tó ní stabilization jáde ni àwọn oníṣòwò ti ń polówó rẹ̀ bí ẹni pé gbogbo àìsàn ló ń wò.

Ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n nìkan ló ń tọ́jú. Bí kámẹ́rà bá mì, gíláàsì kan nínú lẹ́ǹsì náà á sún láti fi pẹ̀rọ̀ sí i. Kò lè dá oníjó dúró o! Bí ìyàwó bá ń jó wọlé nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò tó, tí ẹ yà á ní 1/30 ìṣẹ́jú àáyá, bàìbàì ni yóò rí, iye yòówù kí ẹ ra lẹ́ǹsì náà. F/1.8 tàbí f/2.8 tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa ni kí ayàwòrán òde àríyá kọ́kọ́ rà.

Ẹni tó ń fi 200mm ya oníwàásù láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tirẹ̀ yàtọ̀. Láìsí stabilization, 1/200 ni kó máa yà, ó kéré tán. Bó bá wà, 1/50 pàápàá lè mọ́ kedere, bí oníwàásù bá ṣáà dúró jẹ́ẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó rà á, àti ẹni tó ń fọwọ́ gbé kámẹ́rà ya fídíò.

Ní ti 24mm, èmi ò ní tìtorí stabilization fi kọ́bọ̀ kún owó. Ẹ kọ́kọ́ wo kámẹ́rà yín ná. Ọ̀pọ̀ tuntun ti ní in nínú. Bí ọkàn yín bá ṣì ń fà sí i, ẹ háyà á fún òde kan.