Wíwá Èérún Sísíọ̀mù Nínú Ilẹ̀

Èérún sísíọ̀mù jẹ́ gíláàsì róbótó kan tí ojú lásán kò lè rí, tí sísíọ̀mù olóró há sí inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn rìákítọ̀ Fukushima ní Japan bàjẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2011, epo átọ́míìkì inú wọn yọ́. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ó ṣàn kan kọnkéré ìsàlẹ̀, pé èéfín yanrìn inú kọnkéré náà dàpọ̀ mọ́ sísíọ̀mù, irin àti síńkì, ó sì dì bí ó ti ń tutù. Ọdún 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde rẹ̀, láti ara asẹ́ afẹ́fẹ́ kan ní Tsukuba, ibi tó jìnnà tó nǹkan bí kìlómítà 170 sí ibi ìjàǹbá. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n wọ̀n fẹ̀ tó ìdá 2.6 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Síbẹ̀ ìtànṣán sísíọ̀mù-137 inú rẹ̀ lé ní Bq 3. Omi kì í tètè tú u.

Sísíọ̀mù tó yòrò dà bí iyọ̀ inú ọbẹ̀, ṣíbí kan ti tó láti mọ bó ṣe tó. Ṣùgbọ́n òkúta inú ìrẹsì ni èérún: abọ́ mẹ́sàn-án lè mọ́ kí ẹ̀kẹwàá ká eyín. Ọmọ iṣẹ́ tó bu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó kà á, tó sì fi iye náà ṣírò gbogbo oko, kò tíì mọ èwo nínú méjèèjì ló bá.

Kí ẹnikẹ́ni tó wá èérún ní Ilemona, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ní ìpínlẹ̀ Kwara, tàbí ní Ọ̀fà tó múlé tì í, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí sísíọ̀mù ibẹ̀ ti wá. Nàìjíríà kò ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tó ń lo átọ́mù; rìákítọ̀ ìwádìí kékeré kan ló wà ní Zaria, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Ti bọ́ǹbù átọ́míìkì ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wa. Faransé yin àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sàhárà ti Algeria, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960. Nígbà tó yin ẹ̀kẹta ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Nàìjíríà lé aṣojú Faransé lọ ní oṣù Kìíní 1961. Láti 1960 dé 2020, sísíọ̀mù-137 ìgbà yẹn ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló fi ń di ìdajì.

Ó wá rọrùn láti sọ pé ti Faransé ni gbogbo ohun tí ọyẹ́ bá gbé wá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí eruku Sàhárà tó dé Yúróòpù ní 2022 kò gbè é: plutonium inú eruku náà jọ ti bọ́ǹbù Amẹ́ríkà àti Soviet tó ti tàn ká gbogbo ayé. Àfẹnusọ kì í ṣe ẹ̀rí, bó ti wù kí ìtàn náà dùn tó.

Lórí oko, ebè ni kí ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ yẹra fún. Ọkọ́ tó ń kọ ebè iṣu lọ́dọọdún ti da ilẹ̀ òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, kò sì sí ohun tí ìpele ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè sọ mọ́. Ilẹ̀ títẹ́jú tí wọn kò dá oko sí rí ló dára, bíi ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí ọ̀gbàrá kì í gbà kọjá. Amọ̀ máa ń di sísíọ̀mù mú gírígírí, nítorí náà ibi tó súnmọ́ òkè ló máa ń wà. Kí ó gé ilẹ̀ náà ní ìpele-ìpele, láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí ó sì fọ ọ̀bẹ lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, kí eruku òkè má baà ba ti ìsàlẹ̀ jẹ́.

Ìdí ẹ̀rọ tó ń ka agbára ìtànṣán ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Orí 661.7 keV ni sísíọ̀mù-137 ti ń fara hàn. Sísíọ̀mù-134, tí rìákítọ̀ ń mú wá ṣùgbọ́n tí bọ́ǹbù kì í fi bẹ́ẹ̀ mú wá, ń fara hàn ní 604.7 àti 795.9. Orí àpáta àtijọ́ ni Ilemona àti Ọ̀fà tẹ̀dó sí, yuréníọ̀mù àti tóríọ̀mù àdáyébá sì wà nínú ilẹ̀ wọn. Ọmọ yuréníọ̀mù kan ń tàn ní 609.3, ọmọ tóríọ̀mù kan ní 794.9. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú yóò da àwọn aládùúgbò wọ̀nyí pọ̀, ẹni tó ń kánjú yóò sì kéde pé Fukushima ti dé Kwara. Ẹ̀rọ jámánìọ̀mù ya ti 604.7 sọ́tọ̀, ti 795.9 ṣì le fún un, àfi kí ó wo iye tóríọ̀mù ní 911, kí ó sì yọ ọ́ kúrò.

Àìsí sísíọ̀mù-134 pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí mọ́ pé kì í ṣe rìákítọ̀ ni sísíọ̀mù náà ti wá. Nǹkan bí ọdún méjì péré ló fi ń di ìdajì. Láti 2011 dé 2025, ó ti di ìdajì ní nǹkan bí ìgbà méje, èyí tó kù kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí iye tó wà nínú àpò ilẹ̀ kan bá ga lọ́nà tó yani lẹ́nu, kí ó pín in sí méjì, kí ó ka méjèèjì. Bí wọ́n bá dọ́gba, kò sí èérún tó ń dá nìkan gbé e. Kí ó dáwọ́ dúró. Bí apá kan bá gba gbogbo rẹ̀, kí ó tún un pín, kí ó tún un kà, títí yóò fi ku ìwọ̀nba eruku tó lè lẹ̀ mọ́ téèpù, kí ó tó gbé e lọ sábẹ́ maikirosíkópù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tó bá gé e kúrú yóò fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wo yanrìn lásán.

Olóko gbọ́dọ̀ gbọ́ èsì kí ìwé ìròyìn tó gbọ́. Kí wọ́n fi iye sísíọ̀mù rẹ̀ hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti potassium-40, tó ti wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ kí bọ́ǹbù kankan tó wà, tó sì sábà máa ń pọ̀ jù ú lọ dáadáa. Bí ẹ̀rọ kò bá rí nǹkan, “kò sí” kọ́ ni kí wọ́n kọ. Kí wọ́n kọ iye tó kéré jù tí ẹ̀rọ náà lè rí, kí wọ́n sì sọ pé ohun tó wà níbẹ̀ kò tó iye yẹn.