Ìdànrè àti Ọ̀yọ́túnjí: Ohun Tó Yẹ Kí Àlejò Mọ̀

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà ń wálé, tí àwọn ará ilé náà sì ń lọ bẹ̀ wọ́n wò. Ibi méjì wà tó yẹ kí irú wọn yà: Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti Ọ̀yọ́túnjí, abúlé tó wà láàárín igi lẹ́bàá Sheldon ní South Carolina. Ìgbèríko ni méjèèjì. Òkun Àtìláńtíìkì ló là wọ́n láàárín, aago wọn ò sì dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ aago yìí la ó kọ́kọ́ yanjú, torí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Aago Nàìjíríà kì í yí padà. Ti South Carolina ń yí: ní Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Máàṣì, wọn á fi wákàtí kan sún un síwájú, ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Nòfẹ́ńbà, wọn á dá a padà. Wákàtí 5 ni Ìdànrè fi ń ṣáájú nígbà ooru wọn, wákàtí 6 nígbà òtútù. Ẹni tó ṣíwọ́ iṣẹ́ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ lóṣù Disẹ́ńbà, tó ní kí òun kí ìyá òun ní Ìdànrè, aago 12 òru ló ń jí ìyá àgbẹ̀ yẹn. Aago 2 ọ̀sán tọ̀hún ni kó pè. Aago 8 alẹ́ ni nílé nígbà náà, tàbí 7 tó bá jẹ́ ìgbà ooru, ìyá á sì ti dé láti oko.

Ní Ìdànrè, aago ọwọ́ yín ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Oòrùn ni kí ẹ tẹ̀lé. Ó ń yọ kí aago 7 àárọ̀ tó lù, ó sì ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6 ààbọ̀ sí 7, yálà òjò ni o tàbí ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ sùn sí Akúrẹ́ tàbí nínú ìlú náà gan-an, kí ẹ lè dé ẹsẹ̀ òkè ní ìdájí. Àtẹ̀gùn tí ẹ ó gùn lé ní 600, àpáta á sì ti gbóná janjan tí ẹ bá jẹ́ kí ọ̀sán pọ́n. Òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba wọn, ṣì wà níbẹ̀. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Mo fara mọ́ Nòfẹ́ńbà ju oṣù mìíràn lọ: òjò ti dá, àtẹ̀gùn ò yọ̀ mọ́, ọyẹ́ ò tíì bo ojú òkè, kòkó tí wọ́n sá sì ń ta sánsán.

Ọ̀yọ́túnjí yàtọ̀. Kò sí bọ́ọ̀sì tó máa já yín síbẹ̀. Ẹ háyà mọ́tò ní Savannah tàbí Charleston, kí ẹ gba títì 17. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó lọ́dún 1970, Ọba Adefunmi, Walter King ni wọ́n sọ ọ́ ní Detroit. Matanzas ní Kúbà ló ti gba òrìṣà lọ́dún 1959. Lọ́dún 1981, wọ́n ṣe ètùtù oyè fún un ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ ó rí ojúbọ Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja ní gbangba, bí a kì í ti í rí wọn ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará abúlé náà ń sọ, Yorùbá ni wọ́n fi ń kí òrìṣà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohùn wọn ṣe fún wọn; mo mọ irú wa. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Lóṣù Júùnù, ojú ọjọ́ ṣì mọ́lẹ̀ ní aago 8 alẹ́, ẹ̀fọn sì pọ̀. Ní Disẹ́ńbà, ilẹ̀ ti ṣú kí aago 6 tó lù.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá mọ ní ibì kan, Ìdànrè ni kó lọ, bí orúnkún rẹ̀ bá gbà fún un. Ọ̀yọ́túnjí ni kí ẹni tí orúnkún ń dùn yàn, kó sì pè wọ́n lórí fóònù kó tó gbéra.